Ibi tí Django ti ń wá témpílétì, àti ojú-ewé pásíwọ́ọ̀dù tó di ti admin

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn gbé wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn lé mi lọ́wọ́ kí n máa bá wọn tọ́jú rẹ̀. Ẹlòmíràn ló kọ ọ́, Django, irinṣẹ́ Python tí wọ́n fi ń kọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ló fi kọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì burú. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ wọlé, àwọ̀ ewé tí ẹgbẹ́ yàn ló máa rí, orúkọ ẹgbẹ́ á sì hàn gàdàgbà lókè. Ẹni tó bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù ni wàhálà bá. Tó bá ti tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba òmíràn, ó di ojú-ewé aláwọ̀ búlúù tí kò jọ ti ẹgbẹ́ rárá, “Django administration” ni wọ́n kọ sí orí rẹ̀. Màmá tó jẹ́ akọ̀wé wọn pè mí: “Ọmọ mi, ta ló ń jẹ́ Django? Àwọn èèyàn ń bi mí bóyá àwọn gbájúẹ̀ ti gba sáìtì wa.”

Ẹ̀rù wọn tọ́. Owó àjẹṣẹ́kù kì í ṣe ohun àfiṣeré.

Ohun tí àwa tá a ń kọ kóòdù máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé témpílétì, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí ojú-ewé ṣe máa rí, ti sọnù. Kò sọnù. Mo ṣí fódà app (ẹ̀ka kan nínú iṣẹ́ Django) tó ń jẹ́ `accounts`, mo sì bá a níbẹ̀ ní `accounts/templates/registration/password_reset_form.html`, pẹ̀lú àwọ̀ ewé ẹgbẹ́ àti gbogbo ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Django ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Django kì í tú gbogbo iṣẹ́ yín wò kó tó mú témpílétì. Inú `TEMPLATES` ní `settings.py`, fáìlì ètò sáìtì, ló ti ń gba àṣẹ. Àwọn fódà tẹ́ ẹ kọ sínú `DIRS` ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Tí kò bá rí i níbẹ̀, tí `APP_DIRS` sì jẹ́ `True`, ó di inú `INSTALLED_APPS`, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn app tí sáìtì ń lò: á bẹ̀rẹ̀ látòkè, á máa wo fódà `templates` tó wà nínú app kọ̀ọ̀kan títí dé ìsàlẹ̀. Bí ọmọdé tí wọ́n ní kó lọ mú iyọ̀ wá ní ilé ìdáná ló rí: agolo àkọ́kọ́ tó bá bá iyọ̀ nínú rẹ̀ ló máa gbé, kò ní béèrè bóyá iyọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fi àṣẹ `startproject` bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, `django.contrib.admin`, app tó bá Django wá tí àwọn alábòójútó fi ń ṣàkóso sáìtì, ló máa wà lókè pátápátá nínú `INSTALLED_APPS`. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún sì ni gbogbo wa máa ń kọ app tiwa sí. Admin yìí náà ní fódà `registration` tirẹ̀, `password_reset_form.html` wà nínú rẹ̀, `password_change_form.html` wà níbẹ̀, `logged_out.html` náà wà níbẹ̀. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ni `login.html`, nítorí inú `admin/login.html` ni admin kó ti ìwọlé tirẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ojú-ewé ìwọlé fi jẹ́ ti ẹgbẹ́, tí ti pásíwọ́ọ̀dù sì di ti admin. Àbọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ yẹn ló ń da orí rú. Ká ní ohun gbogbo ló dàrú ni, kíá ni a máa mọ̀.

Tí Django kò bá rí témpílétì kankan, tí `DEBUG` (ètò tó ń fi àlàyé àṣìṣe han ẹni tó ń kọ kóòdù) sì wà ní `True`, ojú-ewé `TemplateDoesNotExist` á to gbogbo ibi tó dé fún yín lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú “Source does not exist” níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á, ẹ má wulẹ̀ máa méfò. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ó rí témpílétì o, àmọ́ kì í ṣe èyí tá a fẹ́. Kò sí àṣìṣe kankan tó máa yọ jáde. Mo ṣí `python manage.py shell`, mo sì bi í léèrè fúnra rẹ̀:

```
from django.template.loader import get_template
t = get_template('registration/password_reset_form.html')
print(t.origin.name)
```

Ìdáhùn rẹ̀ parí sí `django/contrib/admin/templates/registration/password_reset_form.html`. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ lè gbé `accounts` lọ sókè `django.contrib.admin`, á ṣiṣẹ́. Èmi kì í fẹ́ràn ìyẹn, torí ẹlòmíràn lè dé lọ́la kó tún `INSTALLED_APPS` tò, kó sì dá `accounts` padà sí ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ á tún padà sẹ́yìn. Mo kó fódà `registration` lọ sínú `templates` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `manage.py`, mo sì kọ ọ́ sínú `DIRS`:

```
'DIRS': [BASE_DIR / 'templates'],
'APP_DIRS': True,
```

Láti Django 3.1 ni `BASE_DIR` ti gba irú `/` yìí. Nínú àwọn iṣẹ́ àtijọ́, `os.path.join(BASE_DIR, 'templates')` lẹ máa bá. Tí ẹ bá sì rí ẹ̀kọ́ tó ní kẹ́ ẹ kọ `TEMPLATE_DIRS`, ẹ fò ó. `TEMPLATES` ti gba ipò rẹ̀ láti Django 1.8 ní 2015, wọ́n sì yọ ti àtijọ́ kúrò ní 1.10.

Ẹ tún sáfà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, torí tí `DEBUG` bá ti jẹ́ `False`, Django ń fi témpílétì tó ti kà pamọ́. Ẹ sì wo orúkọ fódà dáadáa: `Templates` pẹ̀lú T ńlá lè ṣiṣẹ́ lórí Windows, kó má sì ṣiṣẹ́ lórí sáfà Linux.

Màmá akọ̀wé ní kí n bá wọn yọ “Django administration” kúrò lójú admin náà. Ọ̀nà kan náà ni: `templates/admin/base_site.html` nínú fódà tiwa, ó parí. Ṣùgbọ́n `DIRS` kò kan àwọn témpílétì àpótí ìkọ̀wé inú fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ wọn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi `django.forms` sínú `INSTALLED_APPS`, kó sì sọ `FORM_RENDERER` di `'django.forms.renderers.TemplatesSetting'`.