Wákàtí Mẹ́jọ ní Lọ́ńdọ̀nù, Wákàtí Mẹ́jọ ní Èkó

Wákàtí mẹ́jọ ní Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ẹgbẹ́ wákàtí mẹ́jọ ní Èkó. Ẹni tó ń dúró de bàálù kejì ní ìlú méjèèjì ló máa ń tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ mi. Èkó ni mo sì máa ń gbà kọjá bí mo bá ń lọ kí àwọn òbí mi, torí ibẹ̀ ni bàálù tó ń lọ sí Àkúrẹ́ ti ń gbéra. Àwọn ẹbí tó ń lọ sí Kánádà àti Amẹ́ríkà náà máa ń já sí Heathrow, wọ́n á pè mí lórí fóònù pé, "Àbúrò, wákàtí díẹ̀ ni a ní níbí o, kí la lè fi ṣe?" Inú mi máa ń dùn sí ìbéèrè yẹn. Ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó jókòó sórí àga pápákọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ pé, tí ara rẹ̀ le, tí ìlú ńlá sì wà níwájú rẹ̀.

Kí ẹ tó ronú ibi tí ẹ máa lọ, ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn wákàtí tí kì í ṣe tiyín kúrò. Ká ní mẹ́jọ ni wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún sísọ̀kalẹ̀ àti títò síwájú àwọn aṣọ́bodè, ọ̀kan fún lílọ sígboro, ọ̀kan fún bíbọ̀, kí ẹ sì ti padà dé pápákọ̀ ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ṣáájú kí bàálù tó gbéra. Méjì péré ló kù yẹn. Ibì kan ṣoṣo ni wákàtí méjì gbà. Ẹni tó bá fẹ́ rí ààfin ọba, odò Thames àti ọjà Oxford Street nínú rẹ̀ kò ní rí ìkankan nínú wọn rí dáadáa, yóò kàn sáré kọjá lára wọn ni.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló ṣe pàtàkì jù, ó sì yẹ kí ẹ ti yanjú rẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà wà lára àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí ẹni tó ni ín gba físà kó tó lè pààrọ̀ bàálù ní pápákọ̀ wọn, ì báà tiẹ̀ jẹ́ pé kò ní jáde síta rárá. Wọ́n yọ àwọn kan sílẹ̀ nínú òfin náà, pàápàá ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà tàbí ti Kánádà tí kò tíì tán lọ́wọ́. Físà tí wọ́n fi ń dúró nínú pápákọ̀ nìkan yàtọ̀ sí èyí tó ń jẹ́ kéèyàn kọjá lọ sígboro. Ìkejì yìí ló ń fún èèyàn láyè wákàtí 48. Ẹ wo ojú ìwé ìjọba fúnra yín, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹni tó rìn lọ́dún tó kọjá sọ. Èkó náà ní tirẹ̀: ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì nìkan gbọ́dọ̀ gba físà Nàìjíríà kó tó jáde, ṣùgbọ́n ará Gánà, ará Bìní ilé Faransé àti àwọn yòókù nínú ECOWAS lè wọlé láìgba físà fún 90 ọjọ́. Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú tí mo bá rí i bí wọ́n ṣe ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Tí ẹ bá ti jáde ní Heathrow, ọ̀nà mẹ́ta ni ọkọ̀ ojú irin ní. Heathrow Express ló yá jù, ìṣẹ́jú 15 ló fi ń dé Paddington, òun náà ló sì wọ́n jù. Piccadilly, tó ti dé pápákọ̀ náà láti ọdún 1977, ló dínwó jù, àmọ́ ó máa ń fẹ́ gba wákàtí kan kó tó dé àárín ìlú. Elizabeth line, tí wọ́n ṣí ní 2022, ló bọ́ sí àárín, òun ni mo sì máa ń ní kí àwọn èèyàn mi wọ̀. Ẹ ò nílò tíkẹ́ẹ̀tì. Káàdì báńkì tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n kàn ń fi kan ẹ̀rọ lásán, ẹ fi kan ojú ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, yóò dún "pín," ilẹ̀kùn á sì ṣí. Nígbà tí ẹ bá ń jáde, ẹ tún fi káàdì kan náà kàn án, owó tó tọ́ nìkan ni wọn yóò yọ. Bí ẹ bá gbàgbé láti fi kàn án níbi ìjáde, wọn yóò yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ràn ètò yìí gidigidi. Bí Èkó ṣe ń ṣe tiẹ̀ ló jẹ́ kí n túbọ̀ mọyì rẹ̀. Bọ́ọ̀sì BRT àti ọkọ̀ ojú irin tuntun Èkó ò gba owó lọ́wọ́, káàdì Cowry ni wọ́n ń lò. Fún ará ìlú tó ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, nǹkan dáadáa ni, mo sì ti gbọ́ ẹnu àwọn tó sọ pé àwọn ò tún fẹ́ bá kọ̀ńdọ́kítọ̀ jà lórí ṣéńjì mọ́. Ṣùgbọ́n àlejò tó ní wákàtí méjì péré, kó tó wá ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì, kó tó rà á, kó tó fi owó sí i, ọ̀kan ti lọ nínú méjì. Ó wù mí kí ìjọba Èkó jẹ́ kí káàdì báńkì èyíkéyìí ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wọ̀nyẹn.

Ibi tí mo máa ń rán ọmọ Yorùbá tó bá ní wákàtí méjì ní Lọ́ńdọ̀nù ni British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ti ń gba àlejò láti ọdún 1759. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Tottenham Court Road, ẹsẹ̀ ni ẹ máa fi dé ibẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn gbé àpótí ńlá wọlé, nítorí náà ibi ìkẹ́rùsí tó wà ní pápákọ̀ ni kí ẹ ti fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ má yà síbòmíràn o. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀, yàrá 25, ibẹ̀ ni Áfíríkà wà.

Àwọn àwo idẹ Bìní wà níbẹ̀, wọ́n so wọ́n mọ́ òpó ní ìlà ìlà láti òkè délẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ṣe ààfin Ọba lọ́ṣọ̀ọ́ kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kó wọn lọ ní 1897. Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n gbé orí idẹ Ifẹ̀ sí. Agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti hú àwọn orí náà jáde ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé, ọ̀kan nínú wọn sì bọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún kejì. Ẹ sún mọ́ gíláàsì náà dáadáa. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bo gbogbo ojú rẹ̀, láti abẹ́ adé títí dé àgbọ̀n, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń dán, kò ní ìlà kankan. Àǹtí mi kan tó ń lọ sí Toronto dúró síwájú rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́ náà, ó ní, "Kábíyèsí o. Ẹ kú àtijọ́." Ìbínú wà nínú mi pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì tíì tán. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀, ó yẹ kí ọmọ onílé máa yà kí i.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí Èkó. Ní tiwa, ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun tó sì ń lọ sí Àkúrẹ́, Ìlọrin tàbí Àbújá yóò gbẹ́rù rẹ̀, yóò kúrò ní pápákọ̀ Murtala Muhammed ti òkè òkun, yóò sì wọ mọ́tò lọ sí ti abẹ́lé. Ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́ pé bàálù abẹ́lé rẹ̀ ti di ọ̀sán, tàbí ìrọ̀lẹ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, wọn ò sì sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Bẹ́ẹ̀ ni wákàtí tí èèyàn kò bèèrè fún yóò ṣe já lé e lọ́wọ́.

Ní Èkó, ìṣirò náà yàtọ̀. Kì í ṣe bí ibì kan ṣe jìnnà sí ni ẹ máa wò, apá ibi tí ọkọ̀ ń kọrí sí ni. Láàárọ̀, gbogbo ayé ló ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó àti Victoria Island. Láti ọ̀sán lọ, gbogbo wọn ló ń bọ̀. Pápákọ̀ sì wà ní Ìkẹjà, lápá ibi tí wọ́n ti ń jáde láàárọ̀. Ẹni tó bá sọkalẹ̀ ní àárọ̀ tó sọdá omi lọ síbẹ̀, tó sì ń padà ní ìrọ̀lẹ́, inú ọ̀pọ̀ èrò ló máa wà ní àlọ àti àbọ̀. Afárá Third Mainland, tí wọ́n parí ní 1990, kò ju kìlómítà 12 lọ, àmọ́ mo mọ ẹni tí bàálù rẹ̀ fò lọ nígbà tó wà lórí rẹ̀. Bàbá kan tó gbé mi láti pápákọ̀ kọ́kọ́ bi mí pé, "Ọmọ mi, aago mélòó ni bàálù rẹ?" Mo ní, "Aago mẹ́rin, bàbá." Ó mirí. "Nígbà náà, a ò ní sọdá. Ìkẹjà tó wa í rìn."

Òótọ́ ló sọ. Ìkẹjà tó rìn. Gbẹ́misọ́lá Street, tó yà láti Allen Avenue, ni ilé tí Fẹlá gbé títí tó fi kú ní 1997 wà. Láti 2012 ni wọ́n ti sọ ọ́ di Kalakuta Museum. Sàréè rẹ̀ wà ní iwájú ilé. Nínú ilé, yàrá rẹ̀ ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀, wọ́n to bàtà rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, aṣọ rẹ̀ wà lára ògiri, kò sí ariwo. Ẹ lè fi wákàtí kan wò ó, kí ẹ wá oúnjẹ gbígbóná jẹ nítòsí, àmàlà àti ewédú, kí ẹ sì padà sí pápákọ̀ láìsọdá omi kankan. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní October 2024 ń dúró ní Ìkẹjà, ó sì ń lọ dé Oyingbo, ìyẹn náà ṣì wà lápá ibí, kò sọdá omi.

Ohun kan wà tí Èkó fi ju Lọ́ńdọ̀nù lọ, n kò sì ní fi pa mọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ mọ̀ ti wà lára ògiri: ọkọ̀ wo ló ń bọ̀, ìṣẹ́jú mélòó ló kù, ẹnu ọ̀nà wo ni kí ẹ gbà. Ẹ lè ti Heathrow dé British Museum kí ẹ tún padà láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní Èkó, ẹ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnì kan, àwọn mẹ́ta ni yóò dáhùn, ọ̀kan nínú wọn yóò sì bá yín rìn dé ìkóríta. Àwọn kan tó ń dúró níta pápákọ̀ máa ń já àpótí gbà lọ́wọ́ èèyàn kí wọ́n lè béèrè owó. Ẹ di tiyín mú, ẹ dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́, ẹ máa lọ. Ẹni tó bá yín rìn dé ìkóríta yàtọ̀ sí wọn pátápátá.

Ìgbà tí mo bá wà ní Ìkẹjà báyìí ni mo máa ń rántí bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń gbé. Ìyànà Ìpájà ló ń gbé, Victoria Island ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, kì í ṣe torí pé iṣẹ́ rẹ̀ tètè bẹ̀rẹ̀, àmọ́ torí pé tó bá fi ìdajì wákàtí pẹ́, wákàtí méjì ló máa fi san án. Èmi ní Lọ́ńdọ̀nù ń bínú bí ọkọ̀ ojú irin bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ohun tó ń gba wákàtí lọ́wọ́ àlejò ní ìlú kọ̀ọ̀kan náà ló ń gba ọjọ́ ayé lọ́wọ́ onílé.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ yí gbogbo ohun tí mo ti sọ padà. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa ń tún ojú irin ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n á ti apá kan pa, kí ẹ yáa yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù kí ẹ tó kúrò ní Heathrow. Ní Èkó, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ojú ọ̀nà máa ń dá. Ìgbà yẹn ni mo lè ní kí ẹ sọdá lọ sí Freedom Park ní Broad Street, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sọ di ibi ìgbafẹ́ ní 2010. Ẹ pe wọ́n kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì ti kúrò níbẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ láti etíkun tó kún ojú ọ̀nà.

Tó bá jẹ́ òru, ẹ má jáde ní Èkó. Ẹ gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì tó sún mọ́ pápákọ̀, ẹ sùn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Piccadilly ń ṣiṣẹ́ mọ́jú ní òru Friday àti Saturday, àmọ́ kì í dé Terminal 4. Ní òru yòókù, bọ́ọ̀sì N9 tó ń gbéra ní Aldwych láàárín ìlú ni kí ẹ wọ̀ padà. Òun náà ń lo káàdì kan náà.