Gìtá tó fẹ́ẹ̀ di títà

Ìgbéyàwó kan ń dúró dè wá ní Ọ̀fà, la bá ń dánra wò nílé wa n'Ílọrin. Àbúrò mi á tẹ ọ̀pá gìtá rẹ̀, irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń mú ohùn okùn lọ sókè sódò, lẹ́ẹ̀kan, á fi sílẹ̀, ohùn okùn kẹta á ti yẹ̀. Ló bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n ta nǹkan yìí jàre."

Irú tí iléeṣẹ́ Fender kọ́kọ́ gbé jáde ní 1954 ni. Okùn ń fa bíríìjì rẹ̀, ibi tí ìdí okùn so mọ́ lára gìtá, síwájú, sípíríǹgì ẹ̀yìn ń fà á padà. Tẹ́ ẹ bá fún okùn kan le, bíríìjì á gbéra díẹ̀, àwọn yòókù á dẹ̀. Ẹ ó kàn máa yí i po ni títí gbogbo wọn á fi gbà. (Ẹni tí kò bá ní sùúrù, kó ra èyí tí kò ní ọ̀pá.)

Àmọ́ ti àná kì í ṣe sípíríǹgì. Bí mo ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń fún okùn, mo gbọ́ "tín" kékeré kan lọ́rùn gìtá: okùn ń há sójú ihò tó ń gbà kọjá níbẹ̀. Mo yọ okùn náà, mo fi pẹ́ńsùlù ọmọ iléèwé kun ihò ọ̀hún dúdú, torí ẹ̀dú pẹ́ńsùlù máa ń jẹ́ kó yọ̀. Okùn tuntun ni, mo bá fà á nà dáadáa, mo dẹ̀ ẹ́ kọjá ojú ohùn, kí n tó wá fún un gòkè.

Àbúrò mi tẹ ọ̀pá náà tagbáratagbára. Kò yẹ̀.

Mo ní mo ti rí ẹni tó máa rà á. Ó ní ta ló fẹ́ ta gìtá?