Ẹsẹ̀ ni Àṣírí Hakeem Ọlájuwọ̀n

Bí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lónìí bá ń jiyàn nípa ẹni tó mọ eré náà jù láyé, orúkọ Jordan, Kobe àti LeBron ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé ọmọ Èkó kan ni wọ́n mú ṣáájú Jordan nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ń ṣa àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ọdún 1984. Bí wọ́n bá wá rántí Hakeem Ọlájuwọ̀n, gíga rẹ̀ ni wọ́n máa ń mẹ́nu bà, bí ẹni pé ẹsẹ̀ bàtà 7 tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ ló gba ife-ẹ̀yẹ fún un. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn òmìrán tó ga jù ú lọ wà nínú líìgì yẹn. Ralph Sampson tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ínǹṣì 4, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè rìn bíi tirẹ̀ lórí pápá. Ẹsẹ̀ Ọlájuwọ̀n ni kí a wò.

Ọjọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1963 ni wọ́n bí i ní Èkó, fún àwọn òbí tó ń ṣòwò sìmẹ́ńtì. Nígbà tó wà ní Muslim Teachers College, háńdíbọ́ọ̀lù ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, ó sì tún máa ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Ó ti tó ọmọ ọdún 15, ó kéré tán, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, nígbà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ máa figagbága ti ń gbá a láti kékeré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń káàánú rẹ̀ nítorí èyí, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òun gan-an ló ṣe é lóore. Aṣọ́lé ní láti máa wo èjìká ẹni tó ń bọ̀, kí ó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà kí onítọ̀hún tó gbá a, kí ó sì ti sún ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ń gbá háńdíbọ́ọ̀lù kò sì gbọdọ̀ gbé ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, nítorí náà ìṣísẹ̀ díẹ̀ yẹn ló máa fi tan ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ jẹ.

Ní ọdún 1980, ó rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tó dé Houston, kò sẹ́ni tó wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Nígbà tó tẹ àwọn ará Yunifásítì Houston láago, wọ́n ní kí ó wọ takisí máa bọ̀. Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, kò jẹ́ kó gbá ìdíje kankan ní ọdún àkọ́kọ́. Moses Malone, tó ti di ògbólógbòó nínú NBA nígbà náà, ni wọ́n jọ ń figagbága ní Fonde, gbọ̀ngàn eré kan nílùú náà, Malone kò sì fi ọwọ́ ọmọdé mú un. Láàárín ọdún 1982 sí 1984, lẹ́ẹ̀mẹta léraléra ni yunifásítì náà dé ìpele àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, wọn kò sì gba ife náà rí. Ti ọdún 1983 ló dùn wọ́n jù, nígbà tí North Carolina State sọ bọ́ọ̀lù sáwọ̀n bí aago ṣe fẹ́ dún, tí wọ́n fi jáwé olúborí pẹ̀lú 54 sí 52. Ọlájuwọ̀n ni wọ́n ṣì fún ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó pegedé jù nínú ìdíje náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù.

Houston Rockets ló mú un. Ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n dé àṣekágbá, tí Boston Celtics sì borí wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹgbẹ́ náà fi ń tẹ̀ síwájú tó tún ń fà sẹ́yìn lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ní sáà 1988 sí 1989 Ọlájuwọ̀n já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ alátakò nígbà 213, ó sì gbá bọ́ọ̀lù wọn dànù lókè nígbà 282. Kò sí ẹlòmíràn tó tíì pé 200 nínú méjèèjì ní sáà kan ṣoṣo. Òmìrán tó ń já bọ́ọ̀lù gbà bí àwọn kúkurú orí pápá, ṣé gíga nìyẹn?

Bí mo bá máa fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ṣàlàyé ọ̀gbẹ́ni yìí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìparí ìdíje kẹfà nínú àṣekágbá ọdún 1994 ni mo máa mú. New York Knicks ti borí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ku ẹyọ kan kí wọ́n gbé ife lọ. Rockets ń fi 86 sí 84 ṣíwájú, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ John Starks, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbóná láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, ayò mẹ́ta ló sì fẹ́ jù. Patrick Ewing ni Ọlájuwọ̀n ń ṣọ́. Ó fi Ewing sílẹ̀, ó sáré jáde lọ sí ọ̀nà jíjìn tí àwọn òmìrán kì í fẹ́ dé, ó sì na ọwọ́ dé orí bọ́ọ̀lù náà bó ṣe ń kúrò lọ́wọ́ Starks. Ìka rẹ̀ ló kan bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ ló gbé ìka débẹ̀. Rockets borí ní ìdíje keje, òun sì ni ẹnì kan ṣoṣo tó tíì gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́dún, ti ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù, àti ti àṣekágbá, ní sáà kan náà.

Ní ọdún 1995, ipò kẹfà ni Rockets wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn líìgì náà kí ìdíje ife tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ tó tíì ti ipò tó rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gba ife. San Antonio ni wọ́n ti pàdé David Robinson, òmìrán ẹgbẹ́ ìlú náà, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́dún níwájú àwọn ará ìlú rẹ̀ kí ìdíje kejì láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀. Ààmì 41 ni Ọlájuwọ̀n jẹ lójú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ tún fídíò rẹ̀ wò kí ẹ sì rọra wò ó: ó kọ ẹ̀yìn sí àwọ̀n, ó mi èjìká sí ọ̀tún, Robinson tẹ̀ lé e, ó yí ẹsẹ̀ padà sí òsì, ó gbé bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni fẹ́ jù, Robinson fò, nígbà tí Robinson ń bọ̀ nílẹ̀, òun ti kọjá lábẹ́ apá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n na Orlando tó ní Shaquille O'Neal ní mẹ́rin sí òdo ní àṣekágbá.

Nínú oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà ó ń gba ààwẹ̀ Ramadan, kì í mu omi títí oòrùn fi wọ̀, síbẹ̀ òun ni líìgì yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lóṣù náà. Ó ti di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà ní ọdún 1993, ó sì bá wọn gba góòlù Òlíńpíìkì ní Atlanta ní ọdún 1996, ọ̀rọ̀ tó ṣì ń dun àwọn kan lára wa, tí n kò sì lè bá wọn wí.

Toronto ló ti parí ní ọdún 2002. Lẹ́yìn náà ni Kobe Bryant wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, LeBron James náà sì wá ní ọdún 2011. Bọ́ọ̀lù 3,830 tó gbá dànù lọ́wọ́ àwọn tó ń jù ú ni kò tíì sẹ́ni tó bá, n kò sì rò pé a máa tètè rí i, nítorí ọ̀nà jíjìn ni àwọn ìsinsìnyí ń dúró sí ju bọ́ọ̀lù wọn, wọn kì í sábà wá bá òmìrán lábẹ́ àwọ̀n mọ́.