Ọmọ Òmu Kò Jọ Ìyá Rẹ̀

Sátidé. Òjò àná ò tíì dá tán.

Láàárọ̀ yìí ni mo ṣí náílọ́ọ̀nù orí ike tó wà lójú fèrèsé ilé ìdáná, mo bá pe Màámi kí wọ́n wá wò ó. Lóṣù Ẹrẹ́nà ni mo já ewé òmu kan lára ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé, èyí tí àmì roboto pupa rúsúrúsú tò sí abẹ́ rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí bébà funfun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ekuru kíkúnná ti dà sílẹ̀. Mo da omi gbígbóná sí iyẹ̀pẹ̀ kí nǹkan mìíràn má baà hù. Nígbà tó tutù, mo fọ́n ekuru náà sí i.

Màámi tẹjú mọ́ ọn. "Èyí kọ́ lòmu."

Ní ti ojú, òótọ́ ni. Ewé wínníwínní ni, ó rí bí àwòrán ọkàn, kò tó èékánná ọmọńdinrín. Mo ní, "Ọmọ òmu ni, mà. Ìdajì ogún ìyá rẹ̀ péré ló gbé wá." Abẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún ni akọ àti abo wà. Akọ yìí ní ìrù púpọ̀ tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bá abo. Bí omi ò bá sí, wọn ò lè pàdé. Ìgbà tí wọ́n bá pàdé ni òmu gidi tó ń hù.

"Ìyá àgbà lọmọ-ọmọ wá jọ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n wò mí títí. "Ìwọ náà, ìyá mi lo jọ."

Ọ̀rọ̀ bí òmu ṣe ń bímọ yìí rú àwọn ará Yúróòpù lójú pẹ́. Wọn ò rí òdòdó, wọn ò rí hóró. Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá ní hóró òmu lọ́wọ́, ojú kan ò ní rí i mọ́. John Lindsay, oníṣẹ́ abẹ kan ní Jàmáíkà, gbin ekuru náà sínú ìkòkò, ó ń ṣọ́ ọ, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì jáde ní 1794. Ní 1851, Wilhelm Hofmeister ará Jámánì fi hàn pé ìran méjì ló ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn. Ti Lindsay ló wọ̀ mí lára jù: iyẹ̀pẹ̀, omi, sùúrù.

Kí n tó bo ike náà lálẹ́ yìí, mo fi awò wò ó. Lábẹ́ ọ̀kan, ohun kan ti yọ, ó ká bí ìka ọmọ tuntun.