"Ìlú yín nìyẹn, kì í ṣe ìlú mi"

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi obìnrin sọ ní Sátidé tó kọjá dùn mí wọ eegun. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Wọ́n ní kí kálukú ya àwòrán ìlú tí ẹbí rẹ̀ ti wá, kó mú un wá sí ilé-ìwé. Inú mi dùn. Mo fa àga, mo jókòó tì í, mo ní, "Àdùkẹ́, Abẹ́òkúta là ń yà. Orí Olúmọ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀." Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé kí n sọ èdè tí òun gbọ́, pé ìlú mi nìyẹn, kì í ṣe ìlú òun. Leeds tí à ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lòun fẹ́ yà.

Leeds kẹ̀! Òkúta kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní Leeds ni èyí tí wọ́n yọ nínú kíndìnrín ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ilé pupa, ilé pupa, ilé pupa. Lọ́dún tí mo dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ki kọ́kọ́rọ́ mi bọ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ta ló ń ṣìlé ní Abẹ́òkúta? Wọ́n á ní, "Kọjá Ṣàpọ́n, tó o bá dé Ìtòkú, béèrè ìyá aládìrẹ tó máa ń pariwo," ọmọdé kan á sì mú ẹ débẹ̀. (Ẹ má dárúkọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Láfẹ́nwá fún mi. Mo mọ̀.)

Mo gbà fún un, mo fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé. Mo ní nígbà tí ogun tú àwọn Ẹ̀gbá ká nínú igbó, tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé abẹ́ àpáta yẹn ní 1830, ilé ti jó, oko ti run, àmọ́ orúkọ ò jóná. Ibi tí ará Ìjẹmọ̀ tẹ̀dó sí, Ìjẹmọ̀ ni wọ́n pè é. Ará Ìkìjà, Ìkìjà. Kẹ́mta, Ìporò, Ìgbẹ̀ìn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn Òwu dé bá wọn níbẹ̀. Títí dòní, ẹni tó bá ń rìn láàárín ìlú, orúkọ àwọn ìlú tó ti parun ló ń là kọjá.

Ibẹ̀ lẹnu mi ti wọlé. Àwọn tógun ń lé gbé orúkọ rù dé ibi tí wọ́n ń lọ. Èmi tí mo wọkọ̀ òfuurufú, tí mo di gàrí àti láfún kún àpótí méjì, orúkọ kan péré ni mo fún ọmọ, ó sì ti ní kí wọ́n má fi pe òun mọ́ nílé-ìwé. Inú lẹ́tà tíṣà ni mo ti kà á.

Nírọ̀lẹ́, màmá mi pè mí lórí WhatsApp láti Ìtòkú. Ìyẹ́ adìẹ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń tì í bọ inú ẹ̀kọ láfún, wọ́n ń fà á lórí aṣọ funfun. Aró ti kun èékánná wọn, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré.

"Fún mi lọ́mọ mi."

Àdùkẹ́ juwọ́, ó ní, "Hi, Grandma," ó wọ yàrá lọ. Màámi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n fa ìlà kan, wọ́n fa òmíràn.

"Ó ti ga o. Ṣé ó ti jẹun?"

Mo ní, "Ó ti jẹun, Màámi." Àmàlà láfún rẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú mi, ọwọ́ ò kàn án.