Ohun tí ojú mi rí nídìí dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá ẹgbẹ́ ìmọ́tótó àyíká sílẹ̀ ní yunifásítì yín ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, nítorí mo mọ̀ pé bí ara mi ṣe yá gágá ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni ara tiyín náà ṣe ń yá gágá báyìí. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó ṣì ń dùn mí. Bí ẹ bá rí i pé inú ń bí mi níbì kan nínú ohun tí mo kọ, ara mi gan-an ni mo ń bínú sí.

Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìyá mi kì í yé sọ ìtàn omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980 fún wa, bí odò ṣe kún àkúnya tí ó gbé ilé àti ènìyàn lọ, kì í sì í gbàgbé láti fi kún un pé pàǹtírí tí wọ́n ń dà sódò wà lára ohun tí ó dínà mọ́ omi. Ìtàn yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo rí i pé ọ̀rá omi ti dí gọ́tà ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì wa pa. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń mu omi ọ̀rá: a ó fi eyín já igun rẹ̀, a ó tu igun náà sílẹ̀, a ó fa omi mu tán, a ó sì ju ọ̀rá síbi tí ẹsẹ̀ wa bá dé. Àwa méje dáwó jọ, a ra dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta, a sì kùn wọ́n lọ́dà: búlúù fún ọ̀rá omi, àwọ̀ ewé fún ike, dúdú fún ìyókù pàǹtírí. Oṣù kan gbáko ni a fi ń lọ láti yàrá dé yàrá, tí a ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n gbọn omi inú ọ̀rá dànù kí wọ́n tó kó o síbẹ̀, nítorí àwọn tó ń ra ọ̀rá kì í gba èyí tí ó tutù. Omi máa ń fi kún ìwọ̀n rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbọ́ràn. Wọ́n gbọ́. (Àwọn kan ní nítorí ìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ṣe ń sá kiri. N kò du ipò kankan, n kò sì ní í du ú.)

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, mo mú fóònù lọ sẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì láti ya àwòrán àwọn dúrọ́ọ̀mù náà. Èéfín ni imú mi kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá tó ń gbálẹ̀ fún wa ti dojú dúrọ́ọ̀mù búlúù dé sínú kòtò ààtàn, ó ti da ti ike lé e, iná sì ti ń jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìyókù oúnjẹ àti ewé gbígbẹ. Mo rí bí ọ̀rá náà ṣe ń ká jọ, tí ó ń yọ́, tí ó ń kán tótó bí àbẹ́là, tí èéfín dúdú sì ń wọ ojú fèrèsé àwọn yàrá ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ oṣù kan ni mo ń wò yẹn.

Mo pariwo mọ́ ìyá náà. Obìnrin tí ó tó bí mi lọ́mọ ni, èmi sì dúró síwájú rẹ̀, mò ń bi í pé ṣé kò lè kàwé tí a kọ sára dúrọ́ọ̀mù ni. Kò fún mi lésì kíákíá. Ó fi igi tí ó fi ń ko iná lélẹ̀, ó nu ojú, ó ní: “Ọmọ mi, ta ló sọ fún mi? Ọkọ̀ tó ń kó pàǹtírí kò wá láti ọjọ́ kẹjọ. Ọ̀gá wa ní bí òun bá bá nǹkan kan nílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, òun á gé owó mi. O gbé nǹkan wá síbi iṣẹ́ mi, o ò bi mí.”

Àwọn tó wà lójú fèrèsé rẹ́rìn-ín. Èyí tí ó gún mi jù ni ti ọmọ ọdún kìíní kan tí ó máa ń sá ọ̀rá tirẹ̀ sórí okùn aṣọ kí ó lè gbẹ dáadáa. Ó gbé ọ̀rá bíi mẹ́wàá lọ́wọ́, ó wo iná náà, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ẹ ní ká máa kó o sí nìyí?” N kò rí nǹkan kan sọ.

Mo padà lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà, ó dárí jì mí, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì mọ ẹni tó ń ra ọ̀rá lọ́jà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń tà á báyìí, owó rẹ̀ sì di tiwọn.

Ẹ̀kọ́ mi kìíní ni pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú pàǹtírí náà. Èkejì ni pé kí ẹ mọ ibi tí ọkọ̀ tó ń kó o ń dà á sí àti ọjọ́ tí ó ń wá, èyí tí ẹ kò lè mọ̀ láìbi agbálẹ̀ léèrè, nítorí náà ẹ̀kọ́ kan náà ni méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti abọ́ oúnjẹ: láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de abọ́ fóòmù funfun ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni àwọn kan lára wa ti ń fẹ́ kí yunifásítì wa ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń ta ìrẹsì ohun tí wọ́n máa fi bu oúnjẹ fún ẹni tó ń kánjú lọ sí kíláàsì. Ìyá ẹlẹ́wà tiwa ti ní ewé eéran kò wọ́n òun, pé ìgbà tí a bá máa gbé abọ́ ti ara wa wá ni òun ń retí.

Lánàá, ìyá agbálẹ̀ pè mí, ó ní kí n sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n yé tu igun ọ̀rá sílẹ̀, nítorí ó kéré jù, ìgbálẹ̀ kì í kó o. Mo ti kọ ọ́ sára dúrọ́ọ̀mù búlúù. Kí n tó kọ ọ́, mo bi í bóyá bó ṣe fẹ́ kí n sọ ọ́ nìyẹn.