Mo Pa Òròmọdìẹ 37, Àwọn Tó Ń Ka Ohun Tí Mo Kọ Sì Pọ̀ Sí I: Àyẹ̀wò Ọdún 2024 Mi

Àná ni mo ta àkùkọ Kérésì tó gbẹ̀yìn. Ilé adìẹ ti ṣófo, ẹ̀yìn ń ro mí, ìwé ìṣirò sì rèé lórí itan mi. Ní oṣù kìíní mo ṣèlérí fún yín pé bí ọdún bá parí, màá sọ iye ìgbà tí ẹ ka ohun tí mo kọ àti iye tó wọ àpò mi, láìfi kọ́bọ̀ pamọ́. Ó ti tó àkókò.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, Ọbáńtokò ní Abẹ́òkúta ni ilé mi, mo sì ń sin adìẹ bíi 150 lẹ́yìnkùlé. Oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ nípa ọ̀sìn adìẹ lédè Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí èmi fúnra mi ń kọ́ṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí mo rí kà, àwọn tó sì kọ ọ́ kò jọ ẹni tó gbóòórùn ìgbẹ́ adìẹ rí.

Oṣù kìíní, ìgbà 41 péré ni wọ́n ṣí ojú ewé mi. Àbúrò mi ọkùnrin nìkan ṣí i tó ìgbà mẹ́fà kí inú mi lè dùn. Bí mo bá ka ohun tí mò ń kọ nígbà yẹn báyìí, ojú máa ń tì mí. “Àǹfààní tó wà nínú ọ̀sìn adìẹ.” “Pàtàkì ìmọ́tótó nínú ọgbà adìẹ.” Àfi bíi pé mò ń kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá máa buwọ́ lù. Ta ló ń jí lóru wá àǹfààní kiri? Ẹni tó bá jí lóru tó na ọwọ́ sí fóònù, adìẹ rẹ̀ ló ń kú.

Èmi náà kò mọ èyí títí di oṣù kẹfà.

Mo ra òròmọdìẹ 100. Òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sán, iná sì lọ ní aago méje alẹ́. Òròmọdìẹ ọjọ́ kan kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru tó wà láàárín 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló fẹ́, kí á tó máa dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo dáná èédú sínú ìkòkò méjì, mo gbé wọn sáàárín ilé, mo wá fi tàpólì di gbogbo fèrèsé pinpin kí òtútù má ráyè wọlé. Mo sùn fọnfọn. Ní aago márùn-ún ìdájí, 37 ti kú. Èyí tí òtútù bá pa, ńṣe ni wọ́n máa ń gun ara wọn lórí gègèrè sí igun kan. Àwọn wọ̀nyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n nà sílẹ̀ káàkiri bí ẹni tó sùn. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú, tí ojú kì í rí, tí imú kì í gbọ́, òun ló pa wọ́n, èmi ni mo sì dínà mọ́ afẹ́fẹ́ tútù tí ì bá gbà wọ́n. Ká ní èmi náà sùn nínú ilé yẹn kí n lè máa ṣọ́ wọn, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, ìròyìn mìíràn lẹ ì bá gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi kọ nǹkan kan. Ta ló máa gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa òròmọdìẹ 37? Ní ọjọ́ kẹrin mo kọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ìkòkò náà, mo sì pe àkọlé rẹ̀ ní “Mo pa òròmọdìẹ 37 lóru ọjọ́ kan”. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ṣí i nígbà 6,200.

Orí ẹgbẹ́ àwọn aládìẹ lórí WhatsApp ni wọ́n ti ń gbé e kiri. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá náà sì pè mí fúnra wọn. “Tíṣà, ẹ ṣeun o. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi èédú ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé àwọn ará ilé ọkọ mi ni.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo wá bi wọ́n pé ta ló kà á fún wọn. Wọ́n ní ọmọ ọmọ wọn ni, àti pé ọmọ náà kò mọ Yorùbá kà dáadáa, ó ń fà á bí ẹni ń fa ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀.

Gbólóhùn yẹn ló yí ọwọ́ mi padà jù lọ lọ́dún yìí. Ọ̀pọ̀ ẹni tí mò ń kọ̀wé fún, etí ni wọ́n fi ń kàwé. Láti oṣù keje, bí mo bá ti kọ nǹkan tán, màá kà á sínú fóònù, màá sì fi ohùn náà sórí WhatsApp, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ nítorí owó dátà. Ìyá Ìjẹ̀bú-Igbó ló sọ fún mi pé kí n yé fi orin síwájú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé èmi ni.

Àwọn 63 tó kù nínú ọgọ́rùn-ún yẹn ńkọ́? Mo ń kọ ìròyìn wọn lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ 42 tí wọ́n tó tà. Iye tí wọ́n jẹ, oògùn àjẹsára tí mo fi sínú omi wọn, ọjọ́ tí yìnyín inú kúlà mi yọ́ lọ́nà tí mo sì da oògùn náà nù torí pé kò gbọdọ̀ gbóná. Kò sí ẹwà kankan nínú àkọsílẹ̀ náà, síbẹ̀ bí mo bá pẹ́ lálẹ́, ẹ óò ti máa béèrè pé ṣé wọ́n jí ire. Ní oṣù kejìlá yìí, ìgbà 2,900 ni ẹ ṣí ojú ewé mi. Mo tún ti mọ ohun tí ẹ máa ń tẹ̀ kí ẹ tó rí mi: “adie mi n ku”, láìsí àmì ohùn kankan. Mo ṣì ń fi àmì sí tèmi, iṣẹ́ tíṣà kò lè kúrò lára mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu yín ni mo fi ń ṣe àkọlé báyìí.

Àwọn olè náà wá. Ẹnì kan kó ọ̀rọ̀ èédú yẹn lódindi sórí Facebook, ó yọ orúkọ mi, àwọn ènìyàn sì ń kí i kú iṣẹ́. Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi Ọbáńtokò àti ilé adìẹ ẹ̀yìnkùlé mi sáàárín gbólóhùn tí kò ṣeé yọ. Ẹni tó bá jí i gbé, á gbé èmi náà dání.

Ó kan owó.

Ìpolówó ni gbogbo ayé sọ pé ó ń mówó wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan, èsì wọn ni pé èdè tí mo fi ń kọ kò sí lára èdè tí wọ́n ń gbà. Abẹ́òkúta yìí kan náà ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde lédè Yorùbá ní 1859. Lẹ́yìn ọdún 165, ẹ̀rọ kan ń sọ fún mi pé òun kò gbọ́ ọ. Mo gbé ìbínú mì, mo kọ àròkọ méjìlá lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbà, orí àwọn méjìlá yẹn nìkan sì ni ìpolówó wà. Ohun tó wọlé ni dọ́là 11 àti sẹ́ǹtì 42. Wọn kì í sanwó títí á fi pé 100. Bó bá ń lọ báyìí, ó ku nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún mi á ti wọ yunifásítì.

Ẹ̀yin lẹ fún mi lówó. Ẹni 38 san 2,000 náírà láti bá mi sin òròmọdìẹ fún ọjọ́ 21 lórí WhatsApp: 76,000. A para pọ̀ ra òròmọdìẹ 600, ẹni tó tà á fún wa sì fún mi ní 100 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 60,000, mo sì sọ fún gbogbo yín kí ẹ tó rà pé màá gbà á. Ẹni tó ń kan àgò adìẹ polówó lẹ́ẹ̀mẹta: 15,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 151,000. Dátà gba 60,000, orúkọ ojú ewé gba 18,000, gíláàsì fóònù tó fọ́ gba 25,000. Ó ṣẹ́ ku 48,000 náírà fún odindi ọdún. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje, 70,000 ni.

Ó ku owó kan tí n kò kà mọ́ ọn. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹnì kan fún mi ní 20,000 kí n yin àgbo inú ìgò tó ní ó ń wo àìsàn tí adìẹ fi ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. N kò lò ó wò. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wà nílẹ̀, mo gba owó náà, mo sì kọ ọ̀rọ̀ ìyìn náà. Obìnrin kan ní Ìlaròó gbà mí gbọ́, ó fún adìẹ rẹ̀ ní àgbo náà fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó wá oògùn gidi, àìsàn náà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, mo kọ òmíràn láti tọrọ àforíjì, mo sì fi 20,000 ránṣẹ́ sí i. Ó gbà á, ó dúpẹ́. Láti ìgbà náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú àwọn tí mò ń fi ohùn ránṣẹ́ sí, mo sì máa ń wò ó bóyá ó gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní, òròmọdìẹ 100 mìíràn ń bọ̀. Mo ti ra èédú. Mo ti gé òkè tàpólì kúrò ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì lójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, àwòrán rẹ̀ á sì wà lórí ojú ewé mi kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.